Bí A Ṣe Ń Kọ 書 ní Ìkọ̀wé Àyárakọ, àti Ohun Tí Ó Kọ́ Àwa Tí À Ń Kọ Yorùbá

Ìfáárà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nínú ẹ̀kọ́ yìí, hànzì kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Hànzì ni orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn sílẹ̀. Èyí tí a mú ni 書. Shū ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìwé. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a ó wá kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ń sáré. Lẹ́yìn náà ni a ó bi ara wa léèrè ohun tí èyí lè kọ́ wa nípa ọwọ́ tí àwa fúnra wa fi ń kọ Yorùbá sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa ní Fásitì Parakou níbí.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan àwa nínú ìkọ̀wé Ṣáínà. Ìdáhùn wa jẹ́ méjì. Èkíní, hànzì kò jìnnà sí wa mọ́. Ẹni tí ó bá gba inú ọjà Arzèkè kọjá yóò rí i lára páálí ẹrù. Láti ọdún 1988 ni Ilé Àṣà Ṣáínà ti wà ní Cotonou, láti ọdún 2009 sì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Confucius ti wà ní Fásitì Abomey-Calavi, níbi tí àwọn ọmọ Benin ti ń kọ́ èdè náà. Èkejì, nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, a máa ń sọ pé lẹ́tà dúró fún ìró. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Yorùbá, Baatonum, Dendi àti Faransé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì wo ètò ìkọ̀wé tí kò gba ọ̀nà yẹn, yóò ṣòro fún un láti mọ ohun tí ó jẹ́ ti ìkọ̀wé lápapọ̀, yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́ ti ábídí nìkan.

1. Kí ni ó wà nínú 書?

Ìlà mẹ́wàá ni ó wà nínú 書. Nígbà tí a bá sọ pé ìlà níhìn-ín, ohun tí à ń sọ ni gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà láti ìgbà tí ó fi kan bébà títí tí a fi gbé e kúrò. Bí ọwọ́ bá ṣẹ́ kọ̀rọ̀ láìgbéra, ìlà kan náà ni a ó kà á sí. Nínú ìlà mẹ́wàá yìí, mẹ́fà wà lókè, mẹ́rin wà nísàlẹ̀.

Apá òkè ni 聿. Láyé àtijọ́, àwòrán ọwọ́ tí ó di búrọ́ọ̀ṣì ìkọ̀wé mú ni. Apá kan náà yìí ni a rí nínú 筆 (bǐ), tí ó túmọ̀ sí gègé ìkọ̀wé. Àmì ọparun ni ó wà lórí 聿 nínú 筆, nítorí pé ọparun ni wọ́n fi ń ṣe igi búrọ́ọ̀ṣì. Apá ìsàlẹ̀ 書 rí bíi 曰 lónìí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Xu Shen, ẹni tí ó ṣe ìwé ìtumọ̀ hànzì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuowen Jiezi ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Krístì, ṣàlàyé pé 者 (zhě) ni apá ìsàlẹ̀ náà, àti pé nítorí ìró rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọwọ́ àwọn akọ̀wé gé 者 kúrú títí ó fi di 曰.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ pe apá méjèèjì. 聿 ni apá ìtumọ̀, nítorí ó ń sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ náà kan gègé àti ìkọ̀wé. 者 ni apá ìró, nítorí ó ń tọ́ka sí bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn hànzì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé àwòrán lásán ni ìkọ̀wé Ṣáínà kò sọ òtítọ́ tán. Ìró wà níbẹ̀, mọ́fíìmù náà wà níbẹ̀, inú sílébù kan ni àwọn méjèèjì sì ti pàdé.

Ẹ kíyè sí ohùn orí shū. Ètò pinyin, èyí tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní ọdún 1958 láti fi máa kọ ìró èdè náà ní lẹ́tà Rómà, máa ń fi àmì sórí fáwẹ̀lì gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn àmì náà yàtọ̀. Àmì gbọọrọ tí ó wà lórí ū ń sọ pé ohùn wà lókè, kò sì yí padà títí sílébù fi parí. Kì í ṣe ohùn àárín. Àmì tí ó wà lórí ù kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ohùn tí ó já bọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni. Ẹ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

書 shū: ìwé
熟 shú: ó jinná
鼠 shǔ: eku
樹 shù: igi

Ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, tí ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọkọ́, kò ní fi èyí ṣe kàyéfì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ní Ṣáínà, hànzì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò jọ ara wọn rárá lójú. Ìkọ̀wé wọn kò nílò àmì ohùn, nítorí pé ojú nìkan ti tó láti ya eku sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo shū náà jọ tiwa. Dúshū (讀書) ni kí a kàwé. Bí Yorùbá bá ní ọmọ yẹn kàwé, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan parí, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dúshū rí: kíka ìwé ni, ó sì tún jẹ́ lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá fi fǎ, tí ó túmọ̀ sí òfin tàbí ìlànà, kún un, a ó ní shūfǎ (書法), èyí tí í ṣe iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé. Hànzì tí a mú yìí, òun gan-an ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ iṣẹ́ náà.

2. Ibi tí ìkọ̀wé àyárakọ ti wá

Oríṣiríṣi ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ hànzì. Méjì ni ó ṣe pàtàkì fún wa níhìn-ín. Èkíní ni kǎishū, tí a ó máa pè ní ìkọ̀wé àfẹ̀sọ̀kọ. Nínú rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ojú sì lè kà wọ́n. Èkejì ni cǎoshū, tí a ó máa pè ní ìkọ̀wé àyárakọ. Nínú rẹ̀, ìlà wọnú ara wọn, púpọ̀ nínú wọn sì di ìyí ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ cǎo (草) túmọ̀ sí koríko, nítorí náà ni àwọn ìwé kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń pè é ní ìkọ̀wé koríko. Ṣùgbọ́n cǎo náà ni wọ́n ń pe ìwé tí a kọ ṣákálá kí a tó tún un kọ, irú èyí tí àwa máa ń kọ kí a tó da iṣẹ́ wa kọ sórí bébà tí ó mọ́. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó bá ìtàn rẹ̀ mu.

Ní ọdún 221 ṣáájú ìbí Krístì, ọba Qin ṣẹ́gun àwọn ilẹ̀ yòókù, ó sì sọ Ṣáínà di ilẹ̀ kan. Wọ́n fi ìkọ̀wé kan náà lélẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ń yí, ó ń lọ́, kò sì rọrùn fún ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ìjọba ní ìwé owó-orí, ìwé ẹ̀wọ̀n àti ìwé oúnjẹ àwọn ọmọ ogun láti kọ lójoojúmọ́. Nígbà ìjọba Han tí ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìlà kúrú, ó sì ń so wọ́n pọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní ọdún 1930, wọ́n hú nǹkan bí 10,000 pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Han kọ nǹkan sí ní Juyan, ní aṣálẹ̀ àríwá Ṣáínà. Lára wọn ni a ti rí ọwọ́ àyárakọ. Kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ ọnà ni ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí àkókò kò sí fún ni.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Krístì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Zhang Zhi di olókìkí nítorí ọwọ́ àyárakọ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Zhao Yi bínú sí i, ó sì kọ ìwé láti ta kò ó. Àròyé rẹ̀ ni pé torí kí iṣẹ́ lè yá ni wọ́n ṣe dá ìkọ̀wé yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí, ó ti wá gba àkókò ju èyí tí à ń fẹ̀sọ̀ kọ lọ, àwọn ènìyàn sì ń run búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà lórí rẹ̀. Ó ní ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo àdàkọ yẹn: ìrísí hànzì kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ àyárakọ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún lè gé e bó ṣe wù ú mọ́.

Ẹni tí okìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Wang Xizhi, tí ó gbé ayé láti ọdún 303 sí 361. Kò sí ìwé kankan tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ tí ó ṣẹ́ kù lónìí. Àdàkọ ni gbogbo ohun tí à ń rí, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń tẹ̀ lé e. Ní ọdún 687, Sun Guoting kọ ìwé kan lórí ìlànà ìkọ̀wé, ó pe àkọlé rẹ̀ ní Shupu (書譜), ọwọ́ àyárakọ sì ni ó fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ìwé náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Taipei. 書 wa ni ó bẹ̀rẹ̀ àkọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́, ibẹ̀ ni kí ó ti wò ó.

3. Bí a ṣe ń kọ ọ́

Bí a bá rí búrọ́ọ̀ṣì onírun mímú àti tàdáwà, ó dára. Bí kò bá sí, bíírò tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bíírò kò ní fi ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ àti ibi tí ó ti fúyẹ́ hàn. Ẹni tí ó bá lọ ilé kéú rí, tí ó ti fi kálámù kọ̀wé sórí wàláà, yóò tètè mọ ohun tí à ń sọ: kálámù kan náà ni ó ń kọ ìlà nínípọn, òun náà ni ó ń kọ ìlà tín-ín-rín, bí a bá ti yí i lọ́wọ́ ni. Búrọ́ọ̀ṣì Ṣáínà yàtọ̀ díẹ̀. Títẹ̀ àti gbígbé ni ó ń mú kí ìlà nípọn tàbí kí ó tín-ín-rín, kì í ṣe yíyí. Ẹ mú un dúró ṣánṣán, kí ìgbọ̀nwọ́ yín má sì sinmi lórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ 書 ní àfẹ̀sọ̀kọ ní ìgbà mẹ́wàá, kí ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń gé kúrú kò lè gé e dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ 书. Èyí ni ìrísí tí a mú láti inú ọwọ́ àyárakọ, tí a wá tọ́ ìlà rẹ̀ kí ó lè ṣeé tẹ̀ sínú ìwé. Ìlà mẹ́rin ni ó ní, bí wọ́n sì ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nìyí:

(a) Ìlà oníkọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lókè lápá òsì, ẹ fà á ní ìbú lọ sí ọ̀tún, ẹ ṣẹ́ kọ̀rọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀.
(b) Ìlà oníkọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, lápá òsì, kí ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fà á kọjá sí ọ̀tún, ẹ ṣẹ́ kọ̀rọ̀ wá sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ìkọ́ kékeré tí ó kọjú sínú parí rẹ̀.
(d) Ìlà òòró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, ẹ fà á gba àárín àwọn méjèèjì kọjá wá sísàlẹ̀. Òun ni òpó ilé náà. Bí òun bá wọ́, gbogbo rẹ̀ wọ́.
(e) Ẹ̀kán kan lókè lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé ọwọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá so wọ́n pọ̀. Níbi tí ìlà (a) parí sí, ẹ má gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí ó fúyẹ́, kí ó padà sí òsì, kí ó sì wọnú ìlà (b). Àwọn kọ̀rọ̀ náà yóò rọ̀, wọn yóò di ìyí. Láti ìkọ́ ìlà (b), ọwọ́ yóò fò sókè lọ sí orí ìlà (d). Nígbà mìíràn, okùn tín-ín-rín ti tàdáwà ni yóò fi ọ̀nà tí ó gbà hàn. Nígbà mìíràn, bébà kò ní gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti rìn ín lójú òfuurufú. Èyí ni ó yẹ kí ẹ kíyè sí jù lọ. Ìrìn tí ojú kò rí yìí jẹ́ ara hànzì náà. Bí ẹ bá gba ọ̀nà mìíràn, ìyí rẹ̀ kò ní bá ara mu, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá fi ìyára sí i. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ ó ti sáré. Ọwọ́ máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀ níbi kọ̀rọ̀, ó máa ń yá lórí ìlà òòró, ó sì máa ń dúró pátápátá kí ó tó kán ẹ̀kán ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò kọ nǹkan tí ó jọ okùn tí ó dì, kò ní jọ ìwé.

4. Ohun tí ó sọnù àti ohun tí ó kù

Ẹ wá fi 書 àti 书 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Níbo ni ọwọ́ tí ó di gègé mú wà nínú 书? Níbo ni apá ìró wà? A kò lè nàka sí ibì kan kí a ní òun nìyí. Apá ìtumọ̀ àti apá ìró ti yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ̀wé Ṣáínà yóò ka 书 láìdúró rò ó. Èyí fi hàn wá pé òǹkàwé tí ó ti dáńtọ́ kì í tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Odidi rẹ̀ ni ó mọ̀, àti ọ̀nà tí ọwọ́ gbà láti kọ ọ́.

Nígbà tí ìjọba Ṣáínà fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀wé tètè mọ̀ ọ́n, inú ọwọ́ àyárakọ ni wọ́n ti lọ mú púpọ̀ nínú ìrísí tuntun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1956. Ẹ wo díẹ̀ lára wọn pẹ̀lú iye ìlà wọn:

書 (10) di 书 (4): ìwé
東 (8) di 东 (5): ìlà-oòrùn
車 (7) di 车 (4): ọkọ̀
長 (8) di 长 (4): gígùn
門 (8) di 门 (3): ẹnu-ọ̀nà

Ní Taiwan àti Hong Kong, 書 ni wọ́n ṣì ń kọ. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì tán. Àwọn kan ní ìtàn inú ọ̀rọ̀ ti sọnù. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí yóò kọ ìlà mẹ́rin kò yẹ kí ó máa kọ mẹ́wàá. Àwa kò ní dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè rí. Ẹ wo 東 (dōng, ìlà-oòrùn) àti 樂 (lè, ayọ̀). Wọn kò jọra. Ẹ wá wo ìrísí tuntun wọn: 东 àti 乐. Ìlà márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ bákan náà. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n: ó wà ní ìbú gbọọrọ nínú 东, ó dà gẹ̀rẹ̀ nínú 乐. Bí àwa ṣe ń wá ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀, bíi bá àti dá, bẹ́ẹ̀ ni èyí ṣe jẹ́ àmì méjì tí ìlà kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀. Ìyára ní iye owó tirẹ̀. Bí a bá ṣe ń gé nǹkan kúrò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba tí ó kù ṣe gbọ́dọ̀ péye tó.

Ìlú Japan gba ọ̀nà mìíràn. Ní àwọn ọ̀rúndún kẹsàn-án àti kẹwàá, ọwọ́ àyárakọ hànzì ni wọ́n gé títí ó fi di àmì sílébù lásán. 安 di あ, tí a ń pè ní a. 加 di か, tí a ń pè ní ka. 乃 di の, tí a ń pè ní no. Ìtumọ̀ bọ́ sílẹ̀, ìró nìkan ni ó kù. Ọwọ́ tí ó ń yára ni ó sọ ètò ìkọ̀wé kan di òmíràn.

Ní ọdún 1936, Yu Youren, tí ó jẹ́ olóṣèlú àti ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìkọ̀wé, gbé ìwé kan jáde láti fi ìrísí kan ṣoṣo lélẹ̀ fún hànzì kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ àyárakọ. Ohun mẹ́rin ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n: kí ó rọrùn láti dá mọ̀, kí ó rọrùn láti kọ, kí ó péye, kí ó sì lẹ́wà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Òǹkàwé ni ó ṣáájú, òǹkọ̀wé ni ó tẹ̀ lé e.

5. Àwa ńkọ́?

Ìbéèrè náà ti kàn wá wàyí. Àwa náà ní ọwọ́ àyárakọ. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tí ó ń dúró fi gbogbo àmì sí Yorùbá rẹ̀. Bí a bá sì lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Kétu fún iṣẹ́ ìwádìí wa, ọwọ́ tún ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan:

Ọkọ mi gbé ọkọ́ lọ sí oko nínú ọkọ̀.

Àmì abẹ́ lẹ́tà méje ni ó wà níbẹ̀, àmì ohùn mẹ́fà. Ìyẹn ni pé ìgbà mẹ́tàlá ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ padà sí orí ohun tí ó ti kọ kọjá. Bí ọwọ́ bá sáré, èyí ni yóò kù:

Oko mi gbe oko lo si oko ninu oko.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti di ọ̀kan. A rí i pé ohun tí ó ń kọ́kọ́ sọnù ni ohun tí ó béèrè pé kí a gbé ọwọ́ padà. Àwọn ààfáà mọ èyí. Nínú ọwọ́ ìkọ̀wé Lárúbáwá tí ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀kán kan nísàlẹ̀ lẹ́tà tàbí lókè rẹ̀ ni ó ń ya fá sọ́tọ̀ kúrò lára káfù nígbà tí wọ́n bá wà láàárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kéú pé kò tíì kọ ọ̀rọ̀ náà tán títí yóò fi kán ẹ̀kán rẹ̀ sí i.

Ẹ wá kọ gbólóhùn kan náà pẹ̀lú lẹ́tà tí à ń lò ní Benin, láìfi àmì ohùn sí i:

Ɔkɔ mi gbe ɔkɔ lɔ si oko ninu ɔkɔ.

Oko ti yọ jáde. Mẹ́ta yòókù ni ohùn nìkan ṣì ń yà. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Nínú ọ, ìyàtọ̀ wà lóde lẹ́tà. Nínú ɔ, ìyàtọ̀ wà nínú ìrìn ọwọ́ gan-an, bí ó ṣe wà nínú 书. Ọwọ́ tí ó bá kọ ɔ kò lè gbàgbé láti fi ìyàtọ̀ sí i, nítorí pé òun ni ìlà náà. A kò sọ pé kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ àti ẹ gẹ́gẹ́ bíi ti Nàìjíríà fi í sílẹ̀. Àwa náà ni a fi ń kọ àwọn ojú-ìwé yìí. Ohun tí à ń sọ ni pé ìwé tí a tẹ̀ àti ìwé tí ọwọ́ kọ kò ní wàhálà kan náà.

Ti ohùn ńkọ́? Nígbà púpọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò ràn wá lọ́wọ́: a mọ̀ pé ènìyàn kì í gbé ọkọ̀ lọ sí oko nínú ọkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó bá kọ o kɔ iwe. Ṣé ó kọ ìwé ni, àbí ó kọ́ ìwé, àbí ó kọ̀ ìwé? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó bá girama mu. Bí irú èyí bá wà nínú àkọsílẹ̀ wa, tí àgbà tí ó sọ ọ́ kò sì sí nítòsí mọ́, kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tí ó sọ. Ẹ̀rí náà ti bàjẹ́ nìyẹn, orí ẹ̀rí tí ó bàjẹ́ ni a ó sì kọ́ iṣẹ́ wa lé.

Nítorí náà, a dá ìlànà mẹ́ta lábàá fún àkọsílẹ̀ àyárakọ wa:

1. Kí a máa fi ɛ àti ɔ kọ̀wé bí ọwọ́ bá ń sáré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ àti ọ ni a ó fi tẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn.
2. A lè fo àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ méjì níbi tí ó wà. Lórí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan, kí a má fò ó láé.
3. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìgékúrú tirẹ̀, kí ó kọ gbogbo wọn àti ìtumọ̀ wọn sí ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè kà á.

Ìlànà kẹta yìí ni ó ṣe kókó jù. Ohun tí ó jẹ́ kí 书 ṣeé kà kì í ṣe pé ìlà rẹ̀ kéré. Gbogbo ènìyàn ti fohùn ṣọ̀kan lórí èyí tí yóò kúrò àti èyí tí yóò dúró ni. Ọwọ́ tiwa ń gé nǹkan kúrò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì fohùn ṣọ̀kan.

Ìdánrawò

1. Ẹ kọ 書 ní àfẹ̀sọ̀kọ ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ sì kọ 书 ní àyárakọ ní ogún ìgbà. Ẹ fún ẹnì kejì yín kí ó mú èyí tí ìlà òòró rẹ̀ dúró dáadáa.
2. Ẹ kọ 东 àti 乐 ní ìgbà márùn-ún. Ẹ da bébà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, kí ẹ wá yà wọ́n sọ́tọ̀.
3. Ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá onísílébù kan márùn-ún tí ohùn nìkan ń yí ìtumọ̀ wọn padà, bíi kọ, kọ́ àti kọ̀. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn kan náà.
4. Ẹ mú ojú-ewé kan nínú àkọsílẹ̀ yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún ẹnì kejì yín kí ó kà á sókè. Ẹ sàmì sí gbogbo ibi tí ó bá ti dúró.

Ìkádìí

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ti rí ohun tí ó wà nínú 書, a ti rí bí ọwọ́ àwọn akọ̀wé ṣe sọ ìlà mẹ́wàá di mẹ́rin, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́. A tún ti rí i pé kíkọ àyárakọ àti kíkọ jágbajàgba kì í ṣe ohun kan náà. Ìdánrawò kẹrin ni a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ kó ibi tí òǹkàwé ti dúró wá fún wa, kí a lè fi mọ ìgékúrú tí ó yẹ kí gbogbo wa jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Kí ọwọ́ wa máa yá, kí ó má sì ṣú ojú ẹni tí yóò kà á.